Màámi ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, ibo ni kí n mú wọn lọ? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé Abbey Wood, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n. Màámi ti wá kí wa lẹ́ẹ̀mejì láti Abẹ́òkúta. Bàbá ọkọ mi, Alhaji, wá lẹ́ẹ̀kan láti Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n màámi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìtòkò, náà ti wá. Láti ìgbà yẹn, bí òbí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ti gba físà báyìí, fóònù mi ló máa kọ́kọ́ dún. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Bí mo ṣe máa ń dáhùn lórí fóònù náà ni mo ṣe kọ ọ́, nítorí náà ibì kan á gùn, ibì kan ò ní gùn.

Oṣù wo ló dáa jù kí wọ́n wá?

Láti ìparí oṣù karùn-ún títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Kérésì tàn yín. Lóòótọ́, iná aláràbarà máa ń wà lójú pópó lóṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú, òtútù á sì wọ eegun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màámi wá, oṣù kìíní ọdún 2019 ni, torí pé tíkẹ́ẹ̀tì ò wọ́n lásìkò yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi jókòó ti hítà, wọ́n wọ súwẹ́tà méjì, wọ́n ró ìró lé e, wọ́n tún fi ìborùn wé orí. Nígbà tí wọ́n délé tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní báwo ni Lọ́ńdọ̀n ṣe rí, wọ́n ní, "Ó tutù." Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Àsìkò oòrùn náà ní wàhálà tiẹ̀. Oṣù kẹfà ni Alhaji wá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń retí Mọ̀gáríbì. Aago méje kọjá, aago mẹ́jọ kọjá, oòrùn ṣì ń ràn lára ògiri aládùúgbò wa. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, wọ́n pè mí: "Ìyàwó, ṣé aago ilé yìí ò ti bàjẹ́?" Aago ò bàjẹ́. Lóṣù kẹfà, oòrùn Lọ́ńdọ̀n kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án á fi kọjá dáadáa, kó sì tó di aago márùn-ún ìdájí, ó ti tún yọ. Ẹ wá kọ́tìnnì tó dúdú sí yàrá wọn. Bó bá jẹ́ pé Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ bá wọn gba àkókò ìrun ti Lọ́ńdọ̀n sórí fóònù wọn kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n lè mọ̀ pé Ìṣáì á pẹ́ gan-an.

Ohun kan tó rọrùn ni pé láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago tiwa àti ti Nàìjíríà kan náà ni. Lásìkò òtútù, wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú.

Físà ńkọ́?

Èmi kì í ṣe lọ́yà, torí náà ní ṣókí. Físà àlejò, tí wọ́n ń pè ní Standard Visitor, ni wọ́n máa gbà. Wọn ò gbọdọ̀ lò ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Oṣù kẹrin 2025 ni owó rẹ̀ di £127. Ẹ lè kọ lẹ́tà ìpè, kí ẹ fi ẹ̀rí iṣẹ́ yín àti ilé yín tì í, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wò jù ni bóyá àlejò yẹn á padà sílé: owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ilé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn èèyàn tó fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe kó owó gọbọi sí àkáǹtì wọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹni tó ń wo ìwé náà á béèrè ibi tówó ti wá. Físà yìí ò sì mú wọn dé Paris tàbí Dublin o, ìlú wọ̀nyẹn ní tiwọn lọ́tọ̀.

Kí ni kí wọ́n dì wá, kí ni kí wọ́n fi sílẹ̀?

Gàrí, èlùbọ́, irú àti ẹja gbígbẹ ò ní wàhálà. Ẹran àti wàrà ni wọn ò gbọdọ̀ kó wọlé láti Nàìjíríà. Kò sí pọ̀nmọ́, kò sí súyà, kò sí kílíṣí. Mo sọ èyí fún màámi lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àṣé wọ́n ti ra kílíṣí, wọ́n fi bébà wé e, wọ́n kì í sáàárín aṣọ òkè tí wọ́n mú bọ̀ fún mi. Ọ̀gbẹ́ni aṣọ́bodè tó tú báàgì náà ò bínú rárá, ó kàn ní òfin ni. Màámi wá ní kó tọ́ díẹ̀ wò, kó lè mọ ohun tó fẹ́ dà nù. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́.

Oògùn wọn ni kò gbọdọ̀ gbélé. Kó wà nínú páálí tí wọ́n tà á pẹ̀lú, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú rẹ̀, kó sì tó iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò, kó tún lé ọ̀sẹ̀ kan. Báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe èyí tó ń lọ sínú ikùn ọkọ̀. Ìyá Ìtòkò gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sórí tábìlì ní Abẹ́òkúta. Apòògùn tó wà ládùúgbò wa ní òun ò lè tà á láìsí ìwé dókítà, bẹ́ẹ̀ ní Ìtòkò, ẹ kàn máa dárúkọ oògùn ni. Owó tí a san fún dókítà aládàáni kó tó kọ ìwé yẹn, mi ò tíì sọ ọ́ fún wọn dòní.

Súwẹ́tà àti kóòtù, ẹ ní kí wọ́n má rà á wá. Èyí tí wọ́n ń tà nílé ò lè gba òtútù ibí. Ṣọ́ọ̀bù ọrẹ-àánú pọ̀ lójú pópó gbogbo àdúgbò wa, ibẹ̀ ni kí ẹ mú wọn lọ. Bí màámi ṣe wọlé tí wọ́n rí aṣọ tó so rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́: "Òkìríkà rèé! Níbi tó ti ń bọ̀ gan-an!" Látìgbà yẹn, kò sí ọjọ́ tí a kọjá níwájú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ tí a ò yà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá dé, ibo la ó lọ?

Ilé. Ọkọ̀ òfurufú tó wá tààrà láti Èkó ò lò ju bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ, ara wọn ò sì ní dàrú bíi ti ẹni tó lọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jí kúrò l'Abẹ́òkúta láti òwúrọ̀ kùtù nítorí súnkẹrẹ fàkẹrẹ, tó tún jókòó ti ẹrù n'Íkẹjà títí, omi gbígbóná àti ẹ̀bà ló ń wá. Láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow, àwa máa ń wọ Elizabeth line, réluwéè tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022. Ó ń bọ̀ tààrà dé Abbey Wood, ẹ ò sì ní gun àtẹ̀gùn níbùdókọ̀ rẹ̀ kankan bí ẹ bá tẹ̀lé ọ̀nà ẹ̀rọ agbéniròkè. Orúnkún àgbà á kí yín pé ẹ ṣeun.

Mi ò ní mọ́tò. Báwo ni mo ṣe máa gbé wọn kiri?

Ẹ yin Ọlọ́run pé ẹ ò ní mọ́tò. Owó tí wọ́n ń gbà kí mọ́tò tó wọ àárín ìlú, owó páàkì, àwọn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ á sọ ìgbádùn yín di èébú.

Káàdì Oyster, èyí tí wọ́n fi ń sanwó bọ́ọ̀sì àti réluwéè, ni kí ẹ rà fún wọn ní kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀n ò gba owó lọ́wọ́ láti ọdún 2014, káàdì kan ò sì lè sanwó fún ẹni méjì. Bí wọ́n bá tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn kí wákàtí kan tó pé, wọn ò ní gba owó kejì, iye kan sì wà tí owó ojúmọ́ kì í kọjá. Káàdì ọ̀fẹ́ tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú yìí, ti àwọn tó ń gbé ibí ni. Ẹ má bá wọn wá a kiri bí mo ṣe ṣe.

Bí orúnkún bá gbà, òkè bọ́ọ̀sì ni kí wọ́n jókòó sí, níwájú pátápátá. Kò sí mọ́tò àfẹ́ kankan tó ń fi ìlú han èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Alhaji fi odindi ọ̀sán kan gun bọ́ọ̀sì lọ gun bọ́ọ̀sì bọ̀, wọn ò bọ́ọ́lẹ̀ síbì kankan, wọ́n sì ní àwọn ò tíì gbádùn irú rẹ̀ rí.

Àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí màámi débẹ̀, wọ́n dúró lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n wá ń kà á bó ṣe ń yọ jáde: ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á fà á padà. Èrò ti tò sẹ́yìn wa bí ìlà epo. Wọ́n yíjú sí mi wọ́n ní, "Wá èyí tó dúró síbì kan fún mi." Ẹ wo àwòrán ojú ọ̀nà réluwéè kí ẹ tó jáde, àmì àga onítáyà ló ń fi ibùdókọ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn hàn.

Ibo ni kí n kọ́kọ́ mú wọn lọ?

Ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ń lọ lójoojúmọ́. Ohun tó kọ́ mi rèé. Nígbà tí màámi wá lẹ́ẹ̀kejì, lọ́dún 2024, mo ti kọ ibi mẹ́rìnlá sílẹ̀ sórí bébà. Wọ́n gba bébà náà, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ibùdókọ̀ tí o máa ń sọ yẹn dà?" Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ fún wọn lórí fóònù láago mẹ́fà ìdájí pé, "Màámi, mo wà níbùdókọ̀, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà." Mo mú wọn lọ síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ibùjókòó pẹlẹbẹ kan, gíláàsì tó ti sán, àti bébà àkókò bọ́ọ̀sì. Wọ́n jókòó. Wọ́n fọwọ́ kan irin rẹ̀. "Ibí lòtútù ti ń pa ọ́?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá gbàdúrà síbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tiẹ̀ yọ fìlà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n rí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, ilé ìwé àwọn ọmọ, àti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra mílíìkì. Ọ̀sẹ̀ kejì la tó dé Westminster.

Ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ rí Big Ben náà, àbí?

Wọ́n á fẹ́ yàwòrán níwájú rẹ̀, èyíinì ni. Ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ rìn gba orí afárá Westminster, ẹ yàwòrán, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ máa lọ. Ìpààrọ̀ ẹ̀ṣọ́ ní ààfin Buckingham, èmi ò gba ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nímọ̀ràn rẹ̀: kì í wáyé lójoojúmọ́, ìdúró rẹ̀ pọ̀, ẹ̀yìn orí àwọn arìnrìn-àjò ni ẹ máa rí. London Eye, àyíká ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè létí odò, owó rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìlú láti òkè, Sky Garden ní ojúlé 20 ní Fenchurch Street kì í gba kọ́bọ̀, kí ẹ ṣáà ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí Alhaji fẹ́ràn jù nínú gbogbo Lọ́ńdọ̀n, ọ̀fẹ́ lòun náà: ọkọ̀ ojú omi Woolwich. Láti ọdún 1889 ló ti ń kó èèyàn àti mọ́tò sọdá odò Thames láìgba owó. Wọ́n sọdá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń bi mí pé, "Ta ló ń san owó epo?" Mo ní ìjọba ni. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ká tún sọdá.

Òfin tèmi ni pé ọjọ́ kan, ibì kan. Bí ẹ bá jáde lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi lọ́la.

Ibo ló kan àwa Yorùbá gan-an, tí kì í ṣe pé ká kàn wo ilé òyìnbó?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ibi mẹ́rin ni mo máa ń mú wọn dé.

Àkọ́kọ́ ni British Museum. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba àyè sílẹ̀ kí ẹ má bàa tò pẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbogbo rẹ̀, ẹ ò lè rìn ín tán. Yàrá Áfíríkà, tó wà nísàlẹ̀, ni kí ẹ lọ tààrà. Orí Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n wú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nílùú Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Lọ́dún 1939 ló dé Lọ́ńdọ̀n. Màámi dúró níwájú rẹ̀, wọ́n bọ gíláàsì ojú, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà. Ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀ tín-ín-rín tín-ín-rín láti iwájú orí dé àgbọ̀n ni wọ́n ń wò. "Èyí kì í ṣe pélé. Kì í ṣe àbàjà. Ilà wo lèyí?" Wọ́n bi mí, mi ò mọ̀. Wọ́n bi òṣìṣẹ́ tó dúró síbẹ̀, ní Yorùbá. Òun náà ò mọ̀. Nígbà tí a fẹ́ kúrò, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá." Inú yàrá kan náà ni àwọn idẹ Bìní wà, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó láàfin Ọba Bìní lọ́dún 1897. Ẹ múra láti ṣàlàyé, torí ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e ni, "Kí ló dé tí wọn ò dá a padà?" Ẹ lè sọ fún wọn pé mùsíọ́mù Horniman tó wà ní Forest Hill, níhìn-ín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n, ti fa tiẹ̀, méjìléláàádọ́rin, lé Nàìjíríà lọ́wọ́ lọ́dún 2022.

Ìkejì ni Greenwich. Gbogbo èèyàn máa ń lọ gbé ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún lórí ìlà tí wọ́n ti ń ka aago ayé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gun òkè tí ìlà yẹn wà, ẹ yà sí ìta mùsíọ́mù ojú òkun. Àwòkọ ọkọ̀ ojú omi Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀ nínú ìgò ràgàjì, ìgbòkun rẹ̀ mẹ́tàdínlógójì, gbogbo wọn ni aláwọ̀ ańkárá. Yinka Shonibare ló ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1962, tó sì dàgbà l'Ékòó. Trafalgar Square ló kọ́kọ́ wà lọ́dún 2010. Ìyá Ìtòkò, tí wọ́n ti ta aṣọ fún ogójì ọdún, wò ó títí, wọ́n tọ́ka sí ìgbòkun kan: "Irú èyí, mo tà á fún ìsìnkú bàbá Bísí."

Ìkẹta gba réluwéè: Canterbury, bíi wákàtí kan láti ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ̀n. Nínú kàtídírà ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ẹ máa san owó ìwọlé, kò sì kéré. Fún màámi, tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn ní St. Peter's Aké, ó ju owó lọ. Wọ́n ti mú Bíbélì Yorùbá wọn dání, èyí tí Crowther wà lára àwọn tó túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó nínú àga gígùn, wọ́n ṣí i sí Sáàmù, wọ́n kà á sókè díẹ̀. Òkúta ibẹ̀ ń gbé ohùn. Obìnrin òyìnbó kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà, mo rò pé ó fẹ́ ní ká dákẹ́. Ó ní kí wọ́n máa kà á lọ.

Ìkẹrin, Brighton, bó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ dáa. Létí òkun ni, òun náà bíi wákàtí kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, lóṣù kẹjọ ọdún 1862, Sarah Forbes Bonetta fẹ́ Kápútẹ́nì James Davies, oníṣòwò Èkó. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni Sarah, nílẹ̀ Yewa. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ló kó o lẹ́rú ní kékeré, ọba wọn sì fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ lọ́dún 1850, bí ẹni fi ewúrẹ́ tọrẹ. Victoria ló tọ́jú rẹ̀. Ọkọ yẹn náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó sílẹ̀ wa. Ẹ sọ ìtàn yìí nínú réluwéè kí ẹ tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ sétí òkun, kí ẹ sì dúró de ìbéèrè: "Òkun wo ni èyí, tí kò ní yanrìn?" Òkúta róbótó-róbótó ló wà níbẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó le.

Wọ́n ti Nàìjíríà wá. Kí ni kí n tún máa mú wọn lọ sí Peckham fún?

Ẹ mú wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń gbọ́ òyìnbó lọ́tùn-ún lósì, Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, á dà bí omi tútù. Ata rodo, ewédú, pańla, iṣu tí wọ́n tò sórí páálí, téléfísọ̀n onífíìmù Yorùbá ní ṣọ́ọ̀bù onírun. Màámi dúná-dúrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Ọkùnrin tó ń ta iṣu ní £8, wọ́n ní £4, ó ní, "Ìyá, Lọ́ńdọ̀n lẹ wà o," wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, ibo lo ti wá?" Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá. Ó gbà á ní £6, ó fi ata lé e. Ojú wọn dán títí a fi délé.

Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń ṣírò sí náírà. Kí ni kí n ṣe?

Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe. Ní 2024, pọ́n-ùn kan ti ń lọ sí ₦2,000, ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bọ́ọ̀sì £1.75 di ₦3,500. "Láti Abbey Wood dé Woolwich! Owó tó ń gbé mi dé Èkó!" Kọfí kan mú wọn bínú sí mi fún odindi ọ̀sán. Ohun tó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni pé mi ò jẹ́ kí wọ́n rí owó ọjà mọ́. Mo máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo tún fún wọn ní £40 lọ́wọ́, mo ní wọ́n gbọ́dọ̀ ná an tán kó tó di Sátidé. Owó tó bá wà lọ́wọ́ èèyàn, kì í ṣírò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ra ọṣẹ àti ìbọ̀sẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ akọrin.

Ṣé wọ́n á jẹ oúnjẹ ìta?

Díẹ̀. Ẹja díndín àti ọ̀dùnkún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, àwọn náà mọ ẹja. Ẹ fi ata gígún sínú ìgò kékeré sí báàgì yín. Mi ò tíì rí àgbàlagbà Ẹ̀gbá tó jẹ oúnjẹ òyìnbó méjì tẹ̀lé ara wọn láìsí ata.

Iṣẹ́ ni mò ń lọ. Wọ́n á dá wà nílé láti àárọ̀. Ṣé kò léwu?

Ó lè ṣeni bí ẹ̀wọ̀n, ibí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ ti mú wọn rí Big Ben lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ògiri ni wọ́n ń wò. Nílé, bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, ènìyàn márùn-ún ti kí wọn kí wọ́n tó bu omi. Níhìn-ín, màámi kí gbogbo ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ẹ káàárọ̀, ìyá arúgbó ará Jàmáíkà kan ṣoṣo ló dáhùn. Wọ́n bi mí bóyá àwọn ṣẹ àwọn èèyàn náà ni.

Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀nà kan tí wọ́n á lè dá rìn: láti ilé dé páàkì, tàbí dé ilé ìkàwé, ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Ẹ bá wọn rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ àdírẹ́sì yín sínú àpò wọn. Ìjọ Nàìjíríà pọ̀ ní Thamesmead, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe ìpàdé àdúrà láàárín ọ̀sẹ̀. Alhaji rí tiwọn ní mọ́sálásí Old Kent Road, tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀. Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ kìíní, wọ́n ti ní ọ̀rẹ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń wá fi mọ́tò gbé wọn. Mi ò tún gbọ́ "ìgbà wo lẹ máa dé" mọ́.

Ẹ tún kọ́ wọn ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wa máa ń ti ara rẹ̀ pa. Ìyá Ìtòkò jáde láti da ilẹ̀ nù, tàwọn ti bùbá àti sálúbàtà, kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì. Wákàtí méjì ni wọ́n fi jókòó nílé aládùúgbò tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Wọ́n jẹ bísíkíìtì. Títí dòní, aládùúgbò yẹn ṣì ń béèrè wọn.

Bí ara wọn ò bá yá ńkọ́?

Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò kí wọ́n tó gbéra, kó sì mọ̀ nípa àìsàn tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù ìjọba, wọn ò ní gba owó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé àlejò sórí bẹ́ẹ̀dì, owó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìdá àádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ń ná ìjọba sì ni wọ́n ń kà fún àlejò. Ẹ má fi oògùn àti ìnṣọ́ránsì ṣeré.

Ṣé ó burú kí wọ́n bá mi wo àwọn ọmọ?

Kí ìyá gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n físà àlejò kì í ṣe físà iṣẹ́, ẹ má sì yọ ọmọ kúrò níbi tí ẹ ti ń san owó ìtọ́jú rẹ̀ nítorí pé màámi ti dé. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Oṣù márùn-ún ni ìyá rẹ̀ fi wà ní Lọ́ńdọ̀n, páàkì tó wà lẹ́yìn ilé nìkan ló mọ̀.

Ọjọ́ ìpadà ńkọ́?

Ẹ ra òṣùwọ̀n ẹrù alásokọ́, kò wọ́n. Ẹ wọn báàgì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀, torí pé ní òru, nǹkan kan á ti wọ inú rẹ̀. Ti màámi di kílò márùndínlọ́gbọ̀n lálẹ́, ó di méjìdínlọ́gbọ̀n láàárọ̀. Ọṣẹ àwọn akọrin ni.

Bí orúnkún wọn bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú pé wọ́n nílò àga onítáyà. Ó kéré tán, kó ku wákàtí méjìdínláàádọ́ta kí ẹ ti sọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Màámi kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe aláìsàn. Nígbà tí wọ́n rí ìlà tí gbogbo èèyàn tò sí, wọ́n jókòó, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n ní kí ọmọkùnrin tó ń tì wọ́n má sáré jù.